Ìfàṣẹsí àti Ìforúkọsílẹ̀ nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Agbẹ̀bí

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàrin ìfàṣẹsí àti ìforúkọsílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń fàṣẹ sí. Agbẹ̀bí ni a ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ni ó ń ṣe méjèèjì. Kí ó tó fàṣẹ sí ilé-ẹ̀kọ́, yóò yẹ àwọn olùkọ́, yàrá ìdánrawò àti ilé ìwòsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ ìgbẹ̀bí wò. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ìfàṣẹsí kò lè ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀ náà; orúkọ rẹ̀ kò sì lè wọ ìwé. Nítorí náà, olùtumọ̀ tí ó bá fi 'ìforúkọsílẹ̀' rọ́pò 'ìfàṣẹsí' lè ṣi òbí lọ́nà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé òwò lásán.