Nígbà tí Ọkàn Aláboyún Kò Bá Balẹ̀

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìlera
Kíláàsì: SSS 2, Ìkòròdú
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40

Èròǹgbà
Bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì mọ̀ lára aláboyún, kódà bí obìnrin náà kò bá dárúkọ rẹ̀.

Ìfáàrà
Bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu aláboyún ilé wọn tí ara rẹ̀ kò bá dá. Kọ ọ́ sójú pátákó: "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn lára mi." "Oorun ò kùn mí." Má pa ìkankan rẹ́: ìrẹ̀wẹ̀sì lè fara pamọ́ sínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàyé
Fi ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Sábó ṣe àpẹẹrẹ. Oyún rẹ̀ pé oṣù méje. Onílé ń kanlẹ̀kùn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, oyún tó ṣáájú sì bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ tó bá lọ ṣàyẹ̀wò, kò ní lè pàtẹ: owó ọkọ̀ á jáde, owó ọjà ò ní wọlé. Ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe olówó náà, ṣùgbọ́n àìlówó kì í jẹ́ kí ọkàn sinmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí aláboyún 16 nínú 100 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbàsókè ló ń ní àìlera ọpọlọ, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì.

Àwọn àgbà wa mọ abísínwín, wèrè tó ń dé lẹ́yìn ìbímọ. Ìyẹn a máa pariwo. Ìrẹ̀wẹ̀sì inú oyún kì í fa aṣọ ya. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni aláboyún náà ń jókòó sí, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó wọn ikùn rẹ̀, a ó ní kó máa lọ.

Ìbéèrè 10
Ní 1987, àwọn onímọ̀ kan ní Edinburgh gbé ìbéèrè 10 jáde nípa bí ọkàn ìyá ọmọ ti rí láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá. Ní 2006, oníwádìí Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìbéèrè náà ṣeé lò fún aláboyún Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìtọ́jú náà sì wà: ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ṣètò ìtọ́jú fún aláboyún 686 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ló tọ́jú wọn. Nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, ara ọ̀pọ̀ wọn ti yá.

Eré ṣíṣe
Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe nọ́ọ̀sì, èkejì ṣe aláboyún. Nọ́ọ̀sì á kí i pé "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o", òun náà á ṣe àmín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Kí nọ́ọ̀sì tún fà á súnmọ́ra: "Màmá, ọkàn yín ńkọ́? Ta ni ẹ ń bá sọ ọ́?" Bí ó bá ní ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìgbéléwọ̀n
Ẹ padà sójú pátákó. Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ ti gbọ́ rí, tí ẹ kàn ní kí aláboyún náà lọ ra oògùn ibà?