Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Di Aṣọ, Ṣùgbọ́n Ẹ Gbé Sódà Jìnnà

Sódà (caustic soda) funfun bí iyọ̀, kò sì ní òórùn kankan tó lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Hóró rẹ̀ kan tó bá bọ́ sílẹ̀ tí ẹ ò gbá a á fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi di ẹ̀kán omi kan tó ń dán lórí símẹ́ńtì, ẹ ó sì rò pé ẹnì kan ló da omi sílẹ̀. Ọmọ tó ń rá á fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Èyí tó ti ń rìn, bó bá rí ọ̀rá rẹ̀ lórí tábìlì, ṣúgà ni yóò pè é, ẹnu ni yóò sì gbé e lọ.

Tẹ́lẹ̀, ilé àwọn tó ń se ọṣẹ àti agboolé àwọn aláró la ti ń bá sódà pàdé. Láyé ìsinyìí, ó ti ń wọ pálọ̀. Bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ máa tẹjú mọ́ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ á ra aṣọ funfun, á ra aró, á ní ẹ wá, ká ṣe àdìrẹ nílé. Ẹni tó ta aró fún un á wọn sódà àti hydrosulphite, kẹ́míkà kejì tí wọ́n ń pò mọ́ aró, sínú ọ̀rá mọ́ ọn, á so ó, á ní, "Ẹ rọra ṣe é o, mọ̀mí." Ó parí. Kò sí ẹni tó tún sọ nǹkan kan.

Mi ò ní kí ẹ má bá àwọn ọmọ yín ṣe àdìrẹ. Ó wù mí púpọ̀ kí ẹ ṣe é. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ di aṣọ, tó tú u lẹ́yìn tó ti wọ aró, tó rí òṣùpá funfun tó yọ níbi tó so, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ kó fi fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé apá méjì ni iṣẹ́ àdìrẹ ní. Ọ̀kan yẹ ọmọdé, èkejì kò yẹ ẹ́ rárá.

Àwọn ìyá wa ti pín in bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láyé wọn, aládìrẹ lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀. Aládìrẹ ló ń di aṣọ tàbí tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i. Aláró ló ni ìkòkò, òun ló sì ń rẹ ẹ́. Ewé ẹ̀lú ni aláró ń gún, tó ń ṣù, tó ń sá gbẹ. Omi eérú tó sẹ́ ló fi ń sọ ọ́ di aró, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì máa ń gbà á. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà dé, iṣẹ́ yá kíá. Ẹjọ́ náà sì bá a dé. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de méjèèjì ní Abẹ́òkúta torí àwọn tó ń ráhùn pé wọ́n ń ba àdìrẹ jẹ́, àwọn ìyá aláró sì fárígá pé òfin náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Aṣọ ni wọ́n torí ẹ̀ jà nígbà yẹn. Ọ̀fun ọmọ ni èmi ń torí ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. A ti rẹ aṣọ tán, omi sódà tí a pò ṣẹ́kù díẹ̀, owó la fi rà á, a ò fẹ́ dà á nù. Ike omi mímu tó ṣófo wà nítòsí. A rọ ọ́ sínú ẹ̀, a dé e, a tì í sábẹ́ tábìlì. Ó mọ́ gaara, ẹni tó bá wò ó, omi ló máa rí. Ọmọ ti sáré nínú oòrùn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, láti ìgbà tó sì ti gbọ́njú, inú irú ike yẹn ló ti ń mu omi. Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹni tó rọ sódà sínú ike omi ló ṣe é.

Sódà kì í dúró kó dénú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ètè ló ti ń jẹ ẹran ara lọ, ó ń gba ahọ́n, ó ń gba ọ̀fun, títí dé ikùn, kíákíá ló sì ń ṣe é. Èyí tó ń dun àwọn dókítà jù ni ohun tó ń tẹ̀lé e. Ẹnu á san. Gbogbo ilé á máa dúpẹ́, wọ́n á ní Ọlọ́run yọ wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀bà á bẹ̀rẹ̀ sí í há ọmọ lọ́fun. Á wá ku ẹ̀kọ mímu. Á wá di pé omi pàápàá ń padà. Ọgbẹ́ tó ń jinná nínú ọ̀nà oúnjẹ ló ń súnkì, tó ń fún ọ̀nà náà pọ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa gba rọ́bà tí wọ́n fi sí i níkùn jẹun fún oṣù púpọ̀. Wọ́n lè máa gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn léraléra kí wọ́n fi irinṣẹ́ fẹ ọ̀nà náà lójú. Fún àwọn mìíràn, àfi kí wọ́n gé lára ìfun wọn kí wọ́n fi rọ́pò ọ̀nà oúnjẹ tó ti bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ torí àdìrẹ ìsinmi.

Bó bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, epo pupa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ké sí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀yin màmá àgbà, mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú sí mi: ẹ má fún un. Epo lè mú un bì. Sódà tó jó o nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó ń bọ̀, èébì olóròóró yẹn sì lè ṣi ọ̀nà gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí àìsàn méjì wá bá ara wọn lára ọmọ kan. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má fún un ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, kí ẹ ní nǹkan kíkan ló ń pa sódà. Ẹ ní kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù. Bó bá kéré jù fún ìyẹn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ti rẹ sómi nu ẹnu rẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti dà sí kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ṣe èyí, kí ẹnì kan ti máa wá ọkọ̀. Ilé-ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe kẹ́míìsì, kí ẹ sì mú ike tàbí ọ̀rá tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀ dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Bí ẹnu rẹ̀ kò bá bó, ẹ má torí ẹ̀ jókòó. Ẹnu lè wà bó ṣe wà kí ọ̀nà oúnjẹ ti jóná nísàlẹ̀. Ọmọ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò fẹ́ gbé e mì, tí ohùn rẹ̀ há, tí èémí ń ni ín lára, a kì í dúró kí bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ká tó gbé e.

Bó bá jẹ́ ara ló dà sí, ẹ kọ́kọ́ gbọn hóró gbígbẹ kúrò, kí ẹ wá máa da omi sí i fún ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ la ìpéǹpéjú rẹ̀, kí omi mímọ́ máa ṣàn gba ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 bákan náà láì dáwọ́ dúró, kí ẹ tó forí lé ilé-ìwòsàn. Ìṣẹ́jú 20 máa ń pẹ́ gan-an nígbà tí ọmọ bá ń ké. Ife omi kan kò lè tó o. Nínú ilé tí ẹ̀rọ omi kì í sábà yọ, kí ẹnikẹ́ni má tú ọ̀rá sódà láìjẹ́ pé garawa omi mẹ́ta ti wà nílẹ̀ ní pípọn.

Èyí tí ẹ bá rà, ẹ ra ìwọ̀nba tí iṣẹ́ ọjọ́ náà máa gbà. Ẹ má kó àṣẹ́kù pamọ́. Bó bá di dandan kó ṣẹ́kù, inú ohun tí wọ́n fi tà á ni kó wà, kó wà lókè, kó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Orúkọ tí ẹ kọ sí i lára kò kan ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ̀wé.

Bí ẹ bá sì ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rẹ aṣọ náà, ẹ dúró dìgbà tí àwọn ọmọ bá sùn tàbí tí wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi nǹkan bo ojú. Sódà lẹ máa dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà lórí, torí ó máa ń gbóná débi pé ó lè ta sí yín lójú. Ẹ má fi ìkòkò alumíníọ̀mù tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ pò ó, sódà ń jẹ ẹ́, ó sì ń yọ gáàsì tó lè gbiná. Hydrosulphite náà ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: bí omi díẹ̀ bá kán sínú ọ̀rá rẹ̀, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná, òórùn rẹ̀ sì máa ń fún ènìyàn láyà. Ọmọ tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Àmọ́ kí ló dé tí ẹ ò ní ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́? Kí àwọn ọmọ jẹ́ aládìrẹ. Bí wọ́n bá ti dì í tán, ẹ di gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e fún aláró kó rẹ ẹ́, kí ẹ sanwó iṣẹ́ fún un. Ìyẹn ni mo fara mọ́ jù. Apá tí ọmọ fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú ìkòkò, ọwọ́ tirẹ̀ ló wà.

Aṣọ òwú ni kí ẹ wá. Ẹ fọ ọ́ kí táàṣì inú ẹ̀ kúrò. Kí ọmọ fi ìka méjì mú àárín aṣọ sókè, kó jẹ́ kí ìyókù rọ̀ wálẹ̀, kó wá máa fi ìkó wé e láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀. Ibi tó bá wé le dáadáa ni yóò funfun. Ibi tó bá wé dẹ̀ ni aró yóò ti yọ́ wọ̀. Bí ó bá wé e ní òbìrí òbìrí tó jìnnà síra, òṣùpá oníbìrí ńlá ni yóò jáde, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ń pè ní Oṣù Bàmbà. Bí ọwọ́ ọmọ kò bá tíì lágbára fún ìkó, ẹ fún un ní òwú tó nípọn. Ẹ má bá a wé e. Èyí tó wọ́ yẹn gan-an ni yóò máa fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, náà dára fún wọn. Ẹ se láfún kó ki, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fún wọn ní ìyẹ́ adìẹ, kí wọ́n máa fi ya ohun tó bá wù wọ́n. Àwọn aládìrẹ máa ń fi álọ́ọ̀mù àti copper sulphate sí ẹ̀kọ náà kó má bàa bàjẹ́. Tiyín kò gbọdọ̀ ní copper sulphate, torí ọmọ á lá ìka, májèlé sì ni. Ẹ se ìwọ̀nba tó máa tán lọ́jọ́ kan.

Bí wọ́n bá fárígá pé lójú àwọn ni ó gbọ́dọ̀ ti wọ àwọ̀, inú kíṣìnnì ni kí ẹ ti wá a. Èèpo gbígbẹ ara alùbọ́sà, bí ẹ bá sè é, ń fúnni ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó dùn ún wò. Atalẹ̀ pupa ń fúnni ní àwọ̀ ìyeyè tó mọ́lẹ̀. Ìṣápá tí a fi ń ṣe sóbò náà ń fúnni ní pupa. Ẹ jẹ́ kí omi àwọ̀ náà tutù pátápátá kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná ń jó ọmọdé, ó sì ń ṣí ẹ̀kọ láfún kúrò lára aṣọ. Kí n má parọ́ fún yín: àwọ̀ atalẹ̀ pupa kì í pẹ́ ṣí nínú oòrùn, ti ìṣápá kò sì ní í pẹ́ tó o. Kò sí ọmọ tó máa pè yín lẹ́jọ́.

Àwọn kan máa ń so òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró èso sínú aṣọ kí àmì rẹ̀ lè wẹ́. Níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà, ẹ má lò ó, ẹ má sì tú ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Ihò imú ni wọ́n ń fi í sí, tàbí kó há wọn lọ́fun. Bó bá ti wọ imú, ẹ má fi bíìrò tàbí igi ìṣáná yọ ọ́. Inú lẹ ó tì í sí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tó tún le ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bátìrì pẹlẹbẹ roboto, irú èyí tó ń wà nínú káàdì tó ń kọrin àti ohun ìṣeré tó ń tànmọ́lẹ̀, tí àwọn òbí kan ń tú láti fi ṣe ọnà. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà oúnjẹ, ó lè jó o láàárín wákàtí méjì, gẹ́gẹ́ bí sódà. Ẹ má retí pé yóò bá ìgbẹ́ jáde.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń san owó kí wọ́n bá yín kọ́ ọmọ ní àdìrẹ lásìkò ìsinmi, ẹ wọlé lọ wo ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi wọ́n ní ta ni ń pò sódà, níbo ni wọ́n ń kó o sí, ṣé omi wà nílẹ̀, ilé-ìwòsàn wo ló sún mọ́ wọn. Ẹ wo abẹ́ tábìlì bóyá ike omi wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é" nìkan ni wọ́n ní láti sọ, ẹ gba owó yín, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́. Aṣọ tó bá ti dì níbẹ̀, ẹ mú un dání. Aláró yóò bá yín rẹ ẹ́.