Òwò Ilé-iṣẹ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì Aládàáni

Kí ó tó di ọdún 1992, ọwọ́ ìjọba ni ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì Nàìjíríà wà. Òfin ológun nọ́mbà 38 ti ọdún náà ni ó ṣí ọ̀nà fún aládàáni. Lónìí ní Àkúrẹ́, Adaba FM aládàáni ń bá ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ du olùgbọ́. A kì í fi owó-orí bọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: owó ìpolówó ọjà ni ó fi ń ra epo, tí ó sì fi ń san owó òṣìṣẹ́. Bí ó bá ta ẹnu rẹ̀ fún olówó kan, olùgbọ́ yóò sá. Bí olùgbọ́ bá sì sá, ta ni yóò tún gbé ìpolówó wá? Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Síbẹ̀ òun ni ọjà tí kò gbọdọ̀ wọ́n ní ìsọ̀ yìí.