Èéṣe Tí Wọ́n Fi Ń Gbé Òkúta Ojú Ọ̀run Wá Sílé Ayé?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn kan máa ń béèrè pé: bí ẹ̀rọ bá lè dé orí òṣùpá, tí ó sì ya àwòrán rẹ̀, kí ni a tún ń fi owó ribiribi gbé erùpẹ̀ rẹ̀ wálé ṣe? Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èkínní: Ẹ̀rọ kò lè ṣe ju iṣẹ́ tí a dì fún un lọ. Ní 1976, ẹ̀rọ Viking méjì ti Amẹ́ríkà balẹ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, wọ́n sì wádìí bóyá ohun ẹlẹ́mìí wà nínú erùpẹ̀ ibẹ̀. Èsì rẹ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi irinṣẹ́ mìíràn tún erùpẹ̀ náà yẹ̀ wò.

Èkejì: Erùpẹ̀ tí ó wà nílé lè dúró de ìmọ̀. Láàárín 1969 sí 1972, àwọn arìnrìn-àjò Apollo kó kílógíráàmù 382 òkúta àti erùpẹ̀ wá láti orí òṣùpá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé òṣùpá gbẹ táútáú. Ní 2008, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tuntun yẹ gíláàsì wínníwínní inú erùpẹ̀ náà wò, wọ́n sì rí àmì omi. Erùpẹ̀ àtijọ́ náà ni. Ohun tí a fi wò ó ló yàtọ̀. Kódà, wọ́n dé ọ̀kan pinpin ní 1972, wọn kò sì ṣí i títí di 2022.

Ẹ̀kẹta: Òkúta tí ó já bọ́ fúnra rẹ̀ máa ń kó èérí ilé ayé: òjò, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ Bennu, gíráàmù 121.6, tí ẹ̀rọ OSIRIS-REx gbé dé aṣálẹ̀ Utah ní September 24, 2023, wà nínú àpótí tí a dé dáadáa. Ní 2025, àwọn onímọ̀ kéde pé nínú amino acid 20 tí ara ohun ẹlẹ́mìí fi ń kọ́ purotéènì, 14 wà nínú rẹ̀. Èyí kò sọ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀ o. Èròjà ni wọ́n rí.

Ẹ̀kọ́ wa: wọ́n pinnu láti fi ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 erùpẹ̀ Bennu pamọ́ fún àwọn onímọ̀ ọjọ́ iwájú. Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ má ṣe sá fún físíìsì àti kẹ́mísírì ní kíláàsì yín.

Ìbéèrè:
1. Kí ni ẹ̀rọ Viking kò lè ṣe?
2. Èéṣe tí a kò fi ná gbogbo erùpẹ̀ náà tán lẹ́ẹ̀kan?