Àpò Kékeré fún Ọjọ́ Mínà, Àráfà àti Musdalifa

Àwọn tó ti sanwó Hajj láàárín wa ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn áfáà wa ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe yípo Káábà, bí wọn yóò ṣe dúró ní Àráfà, àti àdúà tí wọn yóò máa ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tiwa lójú ewé yìí ni ọ̀rọ̀ ìlera. Ohun tí mo fẹ́ kí a sọ lóṣù yìí ni àpò kékeré kan tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ dì nílé. Owó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní tó èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń ná sórí aṣọ ìpàdé alálàájì, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun ni yóò mú kí alálàájì padà wálé láàyè.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgbáralé Ọlọ́hun ti tó. Ibn Abbas sọ ọ́, Bukhari sì gbà á wá, pé àwọn ará Yemen kan a máa wá ṣe Hajj láì mú èsè ìrìn àjò lọ́wọ́. Wọ́n á ní Ọlọ́hun ni àwọn gbára lé. Bí wọ́n bá dé Mẹ́kà tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Èyí ló fa sísọ̀kalẹ̀ àyà 197 nínú Súúrà Báqárà, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ kí a mú èsè dání, tí Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbẹ̀rù Òun ló dára jù nínú èsè. Méjèèjì ló wà nínú àyà kan náà.

Ní àkókò tiwa yìí, oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro. Ooru ni. Ní Hajj ọdún 2024, ìjọba Saudi kéde pé ènìyàn 1,301 ló kú. Minísítà ètò ìlera wọn sọ pé 83 nínú 100 wọn ni kò ní ìwé àṣẹ Hajj, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí àgọ́ àti ibi ìsinmi. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún náà, òṣùwọ̀n ooru ní Mọ́sálásí Háráàmù dé 51.8 Celsius, lábẹ́ ibòòji ni o, kì í ṣe nínú oòrùn gan-an. Òótọ́ ni pé ọdún Híjírà fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún tí à ń kà lọ, tí Hajj sì ti ń sún kúrò ní àárín ìgbà ooru díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù karùn-ún pàápàá, ọ̀sán Mẹ́kà a máa kọjá 40.

Ara ènìyàn tó wà ní àlàáfíà kì í ju nǹkan bí 37 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù ju ara lọ, ara á ju ooru tirẹ̀ síta. Bí afẹ́fẹ́ bá ti di 45, ìta ni ooru ti ń wọ inú ara, abẹ̀bẹ̀ lásán kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí omi máa gbẹ kúrò lórí awọ ara, nítorí omi tó bá ń gbẹ a máa gbé ooru lọ. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, òógùn á ṣàn títí ẹ̀wù yóò fi tutù. Afẹ́fẹ́ Mẹ́kà gbẹ. Òógùn á ti gbẹ kí a tó rí i, ènìyàn á rò pé òun kò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá wá ra oògùn ìrìn àjò lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n má dúró de òùngbẹ.

Kí ló dé tí àpò náà fi gbọdọ̀ kéré? Nítorí pé báàgì ńlá kì í bá wa dé Mínà. Hòtẹ́ẹ̀lì ní Mẹ́kà ni yóò wà láti ọjọ́ 8 oṣù Súlí-Híjà. Lálẹ́ ọjọ́ 9, lẹ́yìn Àráfà, Musdalifa ni a ó sùn, lórí ilẹ̀, lábẹ́ ọ̀run, láìsí àgọ́. Ohun tó bá wà lára rẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni tìrẹ. Àpò aṣọ olókùn gígùn tí a lè fi kọ́ èjìká, tí télọ̀ àdúgbò lè rán, ti tó. Ẹ má ra èyí tó tóbi. Bí ó bá tóbi, ẹ ó kún un, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ike omi líítà kan ni ẹ kọ́kọ́ mú, èyí tó ní okùn tí a lè fi kọ́ ọrùn tàbí èjìká. Bí ẹ bá ń rìn nínú oòrùn, ẹ máa mu nǹkan bí ife kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má mu ju líítà kan àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan, nítorí omi àmujù a máa ṣan iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ìyẹn náà sì léwu. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó lọ bèèrè iye tirẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Fi ORS bíi pálí mẹ́wàá sínú àpò. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe omi iyọ̀ àti ṣúgà nílé: líítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a rẹ́ orí rẹ̀, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn àjò yìí, èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì ni kí ẹ rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di ìyẹ̀fun funfun tí kò ní orúkọ lára sínú ọ̀rá kí ẹ gbé e wọ pápákọ̀ òfurufú Jeddah. Ẹ ka ara pálí náà kí ẹ mọ iye omi tí wọ́n ní kí a fi pò ó, nítorí òmíràn wà fún líítà kan, òmíràn sì kéré sí i. Kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò o. Ìgbà tí ènìyàn bá làágùn púpọ̀, tí ó ń bì tàbí tí ó ń ṣunú ni à ń lò ó, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí àwọn ìyá wa kì í fẹ́ sọ síta. Púpọ̀ nínú wọn kì í mu omi ní Mínà àti Àráfà. Omi wà, wọ́n sì ń pín in, ṣùgbọ́n ìlà ilé ìtọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ìyá ẹni ọdún 65 tí orúnkún ń dùn kò lè dúró lórí ìlà fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà á pinnu pé òun kò ní mu nǹkan kan títí di alẹ́. Ìpinnu yẹn lè pa á. Ẹ̀yin ọmọ tó ń rán òbí lọ, ẹ bá wọn sọ ọ́ kedere, kí ẹ sì ra pámpá àgbàlagbà bíi mẹ́fà sí àpò wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ti ìmọ́tótó àti àlùwàlá, àti bóyá ọkùnrin tó wà nínú aṣọ hurumi lè lò ó, ẹ bi áfáà yín kí ọjọ́ tó pé. Bí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni bá ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, omi ara rẹ̀ ti dín kù nìyẹn.

Agboòrùn ló kàn, kí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun tàbí èyí tó mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ó lòdì sí hurumi fún ọkùnrin. Fìlà àti láwàní tó fara kan orí ni ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé. Ní ti ibòòji, Ummul-Husayn ròyìn nínú Sahih Muslim pé nígbà Hajj ìdágbére, òun rí Usama àti Bilal, ọ̀kan di ìjánu ràkúnmí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) mú, èkejì gbé aṣọ sókè láti fi ṣíji bò ó nínú ooru, títí ó fi ju òkò ní Jamratul-Akaba.

Ẹ ra ike kékeré tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń fín omi sórí. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa omi tó ń gbẹ lára ni ike yìí ń ṣe. Ẹ fín in sí ojú, ọrùn àti apá. Ní irú afẹ́fẹ́ gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Aṣọ ìnura kékeré tí a rì sómi náà dára, kí ọkùnrin fi sí ọrùn, kó má fi bo orí.

Ẹsẹ̀ wá kù. Ẹ mú sálúbàtà méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀, kí èkejì wà nínú ọ̀rá nínú àpò, nítorí bàtà a máa sọnù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́sàn-án sì lè bó àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má mọ̀ pé ilẹ̀ ń jó òun, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú díẹ̀. Kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Àárín itan náà a máa bó nígbà tí ènìyàn bá rìn púpọ̀, pàápàá ọkùnrin tí kò wọ ṣòkòtò. Vaseline tí kò ní òórùn dídùn ni kí ẹ fi pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nítorí hurumi kọ lọ́fíńdà, ẹ ka ara ike náà. Ọṣẹ dúdú wa náà wúlò, ṣùgbọ́n ògidì ni kó jẹ́. Èyí tí wọ́n ti po òróró olóòórùn mọ́ kò yẹ.

Ti Musdalifa kò pọ̀: ẹní onírọ́bà tó ṣeé ká, aṣọ fẹ́lẹ́ kan láti fi bora, tọ́ọ̀ṣì kékeré, àti àpò kékeré fún òkúta. Ìbòmú díẹ̀ náà wà fún eruku àti ikọ́.

Ọjọ́ kẹwàá ni fífá orí. Ẹ mú réésà tuntun tiyín lọ, kí ẹ má sì gbà kí wọ́n fi èyí tí wọ́n ti fi fá orí ẹlòmíràn kàn yín. Àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B àti C a máa ti ara abẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ti B pàápàá lè wà lára abẹ fún ọjọ́ púpọ̀ láìkú. Ọmọ ìyá kan náà kò gbọdọ̀ pín réésà.

Oògùn yín gbọdọ̀ wà nínú pálí tàbí ike tí ó ti bá wá, pẹ̀lú ìwé dókítà. Mo tún fẹ́ kí ẹ bi dókítà yín nípa àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀, bíi furosemide àti hydrochlorothiazide, nítorí wọ́n lè tètè gbẹ omi ara nínú ooru. Ẹ má fúnra yín dá wọn dúró. Chlorpheniramine àti promethazine tí a ń lò fún kata tàbí èébì a máa kunni lóorun, wọ́n sì lè dín òógùn kù, nítorí náà kì í ṣe oògùn ọ̀sán Àráfà. Tramadol àti oògùn ikọ́ oní-codeine, ẹ má gbé wọn bá ẹnikẹ́ni, àní bí ó bá jẹ́ aládùúgbò yín ló bẹ̀ yín. Fún insulin, fúláàsì kékeré ẹlẹ́nu gbígbòòrò ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi tútù ṣan inú rẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ wé insulin sínú rẹ̀. Yìnyín kò gbọdọ̀ fara kàn án, nítorí insulin tó bá ti dì ti bàjẹ́. Kí ṣúgà oníhóró díẹ̀ sì wà nínú àpò náà.

Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà àgọ́, fóònù olórí ikọ̀, àìsàn àti oògùn yín sórí káàdì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kó wà lọ́rùn pẹ̀lú káàdì Nusuk.

Bí ẹ bá rí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀ tàbí tó dákú, ẹ má rò pé ó rẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ dín aṣọ ara rẹ̀ kù, ẹ da omi sí i lára kí ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi ohun tútù sí ọrùn, abíyá àti ìtàn rẹ̀ lókè. Kí ẹnìkan pe 997 tàbí 911. Ẹ má rọ omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀.

Réésà àti àlùmọ́gàjí yóò wọ inú báàgì ńlá ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé wọn wọ inú ọkọ̀. Oògùn àti insulin, ọwọ́ yín ni kí wọ́n wà. Ike omi, kó ṣófo títí ẹ ó fi kọjá ibi àyẹ̀wò.