Bí A Ti Ń Fi Ìrísí Mọ Ewé

Nígbà tí àgbo bá da ara ẹnì kan rú, ìbéèrè àwa nọ́ọ̀sì ni pé: “Ewé wo ni ó mu?” Orúkọ nìkan kì í tó ìdáhùn, nítorí ohun tí àwa ará Òkun ń pe ewé kan lè yàtọ̀ sí ohun tí ará Ọ̀yọ́ ń pè é. Ìrísí ni ẹ̀rí tí ó dájú jù. Ẹ máa kíyèsí nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, iye ewé tí ó wà lórí ọ̀pá kan. Ewúro ní ewé kan lórí ọ̀pá kan. Ti dóńgóyárò, ewé wẹ́wẹ́ ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá bí ìyẹ́ adìẹ.

Èkejì, etí ewé. Etí ewé máńgòrò dán. Ti efinrin ní eyín bí ayùn.

Ẹ̀kẹta, bí ewé ti tò lára ẹ̀ka. Ewé efinrin a máa kọjú sí ara wọn ní méjì-méjì. Ti ewúro a máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, ojú ewé fúnra rẹ̀: ó gùn ni, ó rí bí ẹyin ni, tàbí ó pín bí ìka ọwọ́? Ẹ̀gẹ́ àti làrà ni a pín báyìí. Ṣùgbọ́n etí ẹ̀gẹ́ dán, ti làrà sì ní eyín. Ọ̀pá làrà kò sì so mọ́ etí ewé, inú ewé ni ó ti wọlé. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí oró inú kóró làrà lè pa ènìyàn.

Àwọn onímọ̀ ewéko pàápàá ń fi ìrísí sọ orúkọ. Nínú orúkọ Látìn tí a mọ̀ mọ́ ewúro, Vernonia amygdalina, ọ̀rọ̀ kejì túmọ̀ sí “bí álímóńdì”.

Ẹ má ṣe torí ẹ̀kọ́ yìí já ewé tí ẹ kò mọ̀ mu. Ewé tí ó ní oró lè jọ èyí tí a ń jẹ. Bí aláìsàn bá ń bì, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí oorun àìdá-jí gbé e lẹ́yìn àgbo, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe fi ipá mú un bì. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ẹ̀ka ewé náà dání, kì í ṣe ewé kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe èyí tí a ti gún. Lára ẹ̀ka nìkan ni a ti lè rí bí ewé ti tò.