Gọ́tà Àdúgbò Wa
Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Àwọn tó rí omíyalé Ògùnpa n'Ìbàdàn ní 1980 mọ ohun tí pàǹtí inú odò ń dá kún. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 gbé gọ́tà àti kíkó pàǹtí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ la ń bèèrè, kì í ṣe sàráà. Àmọ́ ẹni tó ń da pàǹtí sí gọ́tà lóru òjò (a kúkú mọ ara wa) kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó tiwa, ká tó kọ̀wé: ojúlé wo ni gọ́tà ti dí, ọjọ́ wo lomi wọlé? Kí onílé àti ayálégbé buwọ́ lù ú, kí kánsẹ́lọ̀ gba ẹ̀dà kan, kí káńsù fi òǹtẹ̀ lu èyí tó wà lọ́wọ́ wa.